Ọwọ́ Tí Kò Tíì Tó Etí

Ní ìdájí, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo òrùlé àwọn ilé Akówọnjọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ju korobá sínú kànga, ọmọ mi obìnrin á fi ìka tọ́ mi níhà.

"Mọ́mì, ẹ wò ó, bóyá ọwọ́ mi ti dàgbà."

Èmi á la ojú kan, màá fi ìkejì sílẹ̀ fún oorun. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ṣimí rẹ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, á na ìka títí tí ẹnu rẹ̀ á fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìka àárín á dé òkè etí òsì, á dúró síbẹ̀, á máa gbọ̀n.

"Ó kù díẹ̀," ni màá wí.

"Díẹ̀ bí i mélòó?"

"Bí i hóró ìrẹsì mẹ́ta."

Á mí kanlẹ̀, á tún dùbúlẹ̀ tì mí. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ojú oorun ni ọmọdé ti ń dàgbà, nítorí náà ó ní ìdáhùn tirẹ̀ nílẹ̀: "Ó jọ pé ọwọ́ yìí kì í sùn dáadáa." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, oorun á sì tún gbé àwa méjèèjì lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó kù kí n tó dìde. Títí di òní, bí mo bá jí ní irú àkókò yẹn, mo ṣì ń retí ìka yẹn níhà mi.

Ẹni tó bá tọ́ ọmọ lásìkò tiwa mọ ohun tí à ń ṣe. Láyé ìgbà náà, ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí. Ọmọ á fi ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, á fi kan etí òsì. Bí ó bá kàn án, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tèmi ti lé dáadáa ní ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n oṣù méje ni mo fi bí i, ó sì jọ pé ó ti pinnu láti jẹ́ kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lágbàlá, màá dá a lóhùn kíá pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹnu mi kì í gbófo. Ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀, mò ń bẹ ọwọ́ náà.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ nìyí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lókè ọya, oṣù méjì méjì ló ń wálé. Èmi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, kí aago mẹ́fà àárọ̀ sì tó lù, mo ti gbọ́dọ̀ wà ní Dọ̀pẹmú tí mò ń dúró de mọ́tò. Yàrá kan la háyà nínú ilé gbọọrọ kan tí ilẹ̀kùn ti dojú kọ ilẹ̀kùn. Màmá kan, aláṣọ funfun, ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tèmi, ọmọ mi sì ń pè wọ́n ní Màmá Òdìkejì. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń gbé e fún wọn láràárọ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ rìn, àwọn ni wọ́n bá mi já a lẹ́nu ọmú, àwọn ni wọ́n mọ ìgbà tí ẹkún rẹ̀ jẹ́ ti ebi àti ìgbà tó jẹ́ ti ìwà.

Áńgílíkà ni mí, mo sì lágídí. Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo pàdé àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì màmá, màmá nínú aṣọ funfun wọn láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ọmọ mi náà lẹ́sẹ̀ lásán lẹ́yìn wọn, ó gbé bàtà Kérésìmesì tí mo rà fún un sórí bí ẹni ru igbá. Orí mi gbóná.

"Màmá, ẹ ò rí i pé ilẹ̀ tutù ni?"

"Èmi kọ́ ni mo bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ o," ni màmá wí. "Òun ló ní tí n ò bá wọ̀, òun náà ò ní wọ̀. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, jàre."

Mo bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi dáadáa, kò sì wọ bàtà náà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ màmá bí ìbejì ní Ìbàdàn. Ìyá wo ló gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní di ẹrù rẹ̀? Ta ni yóò wẹ̀ wọ́n, ta ni yóò gbé wọn jó? Màmá sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n á dúró tì mí di ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé bá wọlé, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á lọ, ó sì lè tó ọdún kan kí wọ́n tó padà. Mo ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó, mi ò tan iná.

Obìnrin aránṣọ tó wà níwájú ilé wa gbà láti máa mú ọmọ náà lọ sílé ìwé láàárọ̀, kó sì máa wò ó fún mi lọ́sàn-án, bí wọ́n bá ti jáde nílé ìwé, títí màá fi dé. "Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, rárá o, àǹtí. Tó bá ti ọwọ́ bọ máṣíìnì mi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ìyá ọkọ mi náà kọ lẹ́tà láti Èkìtì: bí ilé ìwé kò bá gba ọmọ náà, kí ọkọ mi gbé e wá sọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó bá wálé, kó wà níbẹ̀ títí yóò fi ga tó. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ náà bá ọgbọ́n mu. Ó bá ọgbọ́n mu lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́n, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ mi á lọ bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan etí.

Mo kó díẹ̀ nínú aṣọ rẹ̀ sínú báàgì aláwọ̀ búlúù kan, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí mo mọ ara mi: bí ọjọ́ náà bá dé tí mi ò tíì di ẹrù, mi ò ní lè dì í. Mo sọ fún un pé aṣọ tó ti há jù ló wà níbẹ̀. Mi ò dárúkọ Èkìtì sí i létí rárá. Èmi àti màmá nìkan la ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ní ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ọmọ náà bá ń ṣeré lẹ́sẹ̀ wa. Mo gbà pé ọmọdé kì í fetí sí ọ̀rọ̀ tí kò bá kan oúnjẹ.

Ìsinmi gbọọrọ ọdún náà dà bí àlá sí mi. Òjò ń wá, ó ń lọ, kò sì jọ pé ó dá dúró rí. Akówọnjọ ìgbà yẹn kò tíì kún báyìí. Bí o bá ń lọ sí apá Ẹ̀gbẹ́dá, wàá rí oko ẹ̀gẹ́ láàárín ilé méjì, wàá rí omi tí àkèré ń ké nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa méjèèjì á máa rìn gba ibẹ̀ láìní ibi kan pàtó tí à ń lọ. Gbogbo ohun tó bá yọ síta ló ń nawọ́ sí, ewé ẹ̀gẹ́, okùn aṣọ, ojú fèrèsé ilé onílé. "Mò ń fà á ni," ni ó ń wí. Màmá náà ń ṣe tiwọn. Láràárọ̀, wọ́n á fi òróró àdúrà pa apá ọmọ náà láti èjìká dé ìka, wọ́n á máa gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi Áńgílíkà á wo ibòmíràn, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀," ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú mi níbi tí mo ti ń yọjú. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ tó gbogbo nǹkan."

"Màmá, mi ò wá gbogbo nǹkan. Etí kan péré ni mò ń wá."

Ara mi kò balẹ̀, mo sì ń bá gbogbo ilé jà. Síkáàfù kan wà tí mo fi ń sùn, ó ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo wá a tì lórí okùn. Mo dúró láàárín àgbàlá, mo ní ẹni tó bá mú síkáàfù mi kó dá a padà, pé mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Aránṣọ ni mò ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́, kò sì kí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Hóró ìrẹsì mẹ́ta di méjì. Méjì di ọ̀kan. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ, mo tú irun rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé. Omi ń kán lórí rẹ̀, irun náà lẹ̀ mọ́ agbárí. Ó ti fẹ́ sá lọ ṣeré kó tó rántí. Ó gbé ọwọ́. Ìka àárín sọ̀kalẹ̀ lára irun tútù náà, ó kọjá ibi tó máa ń dúró sí, ó sì di etí mú.

Ó wò mí. Èmi náà wò ó. Mo figbe ta, màmá sáré jáde ti àwọn ti ọmọrọgùn lọ́wọ́, àwa mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú ẹrẹ̀, àwọn méjì lẹ́sẹ̀ lásán, èmi nínú sálúbàtà. Nígbà tó ṣe, èmi náà bọ́ tèmi.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, màmá fa ọmọ náà jókòó sáàárín orúnkún wọn. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ni wọ́n wí. "Orí tí èmi dì ló máa gbé lọ síléèwé." Wọ́n di ṣùkú fún un, irú èyí tí mi ò tíì rí rí. Ìlà wẹ́wẹ́ gbéra láti etí, láti ìpàkọ́, láti iwájú, gbogbo rẹ̀ gun òkè lọ pàdé ní àtàrí. Wọ́n wá fi òwú dúdú wé e níbẹ̀, ó sì dúró gangan bí ọmọrí ìkòkò. Òjò winniwinni ń rọ̀. Ọmọ náà ti sùn lọ sórí itan wọn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi, mò ń wo ìka màmá tó ń wọlé tó ń jáde nínú irun ọmọ mi, ó sì ń ṣe mí bíi pé kí ọ̀sán náà má parí. A ò wọn ọwọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Kí la tún fẹ́ wọ̀n? Ó ṣáà ti tó.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì mú un lọ. Tíṣà kan, obìnrin tó wọ dígí, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé náà, ó ṣí ìwé ńlá síwájú. Àwọn ọmọ tò lọ bí èèrà. Ọmọ á gbé ọwọ́, tíṣà á mi orí, yóò kọ orúkọ. Nígbà tó kan tèmi, ó bọ́ síwájú pẹ̀lú ìgbéraga, ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà gun ṣùkú, ó sì há síbẹ̀. Ìka rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro nínú afẹ́fẹ́ lókè etí.

"Tún un ṣe," ni tíṣà wí.

Ó tún un ṣe. Ó ku hóró ìrẹsì mẹ́ta, bóyá mẹ́rin pàápàá.

"Kò tó. Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, mà. Ẹni tó kàn!"

"Ó tó lọ́jọ́ Sátidé!" ni mo ké.

Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo fa ìwé ìbí jáde. Tíṣà kò gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ìwé lè ṣìnà, mà. Ọwọ́ kì í ṣìnà."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. "Àbí ojú yín ló ń ṣìnà," ni mo wí. "Ẹ nu dígí yín."

Tíṣà yọ dígí náà, ó nù ún dáadáa, ó fi padà sójú, ó sì wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi fúrúùtù tó wà lágbàlá ilé ìwé. Bí mo ṣe jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i bí ẹni ń lálàá: báàgì búlúù náà lórí itan ọkọ mi, ojú kékeré kan lẹ́yìn gíláàsì mọ́tò Èkìtì, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì ní ìdájí, tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ mi níhà. Ìrònú mi kò sì gbà mí láyè láti bínú sí ẹlòmíràn mọ́. Ẹnu mi yìí náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ọmọ mi dúró níwájú mi, kò sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ orí ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wo ọsàn bóyá ó pọ́n.

"Mọ́mì, kì í ṣe ọwọ́ mi ló kúrú," ni ó wí. "Orí mi ló ga."

Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ṣùkú náà.

Èmi tí mo mọ̀wé, tí mò ń tẹ̀wé fún àwọn ọ̀gá! Mo fi eyín já òwú. Mo fi ẹnu báírò tú ìlà àkọ́kọ́. Ó dùn mí bí mo ṣe ń tú u, nítorí gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ń tú lọ lọ́wọ́ mi, gbogbo ìdágbére màmá. Mò ń fà á jù, ọmọ náà ń fajú ro, kò sì ní kí n dáwọ́ dúró. Obìnrin kan tó pọn ọmọ, tí mi ò mọ̀ rí, wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú apá tirẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan.

"Ẹ rọra, àǹtí," ni ó wí. "Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Nígbà tá a tú u tán, irun náà wú bí igbó. Obìnrin náà mú ìgò omi ọmọ rẹ̀, ó dà á sórí ọmọ mi, a sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ irun náà mọ́lẹ̀ títí ó fi lẹ̀ pẹ́típẹ́tí.

A padà sórí ìlà, àwa la kẹ́yìn. Nígbà tó kàn wá, mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tí mo ní kó nu dígí rẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, nínú síkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ lọ sí ọ́fíìsì.

"Ẹ má bínú, mà. Irun ló dí i lọ́nà."

Tíṣà wo ọmọ náà, omi ń kán ní imú rẹ̀. "Kí lẹ fi orí ọmọ yìí ṣe?"

Ọmọ mi kò dúró kí wọ́n pàṣẹ. Ó gbé ọwọ́. Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀ lára irun tútù, ó kan etí, ó sì dì í mú. Tíṣà ní ó tó, ó ti tó, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ tán.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n kó wọn lọ sí kíláàsì. Láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn ń dán, tèmi nìkan ni orí rẹ̀ rí jákujàku. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Kò juwọ́ sí mi. Ó gba orí kọjá, ó di etí rẹ̀ mú fún mi láti rí. Èmi náà dúró lẹ́nu géètì, àgbàlagbà, mo gbé ọwọ́ mi gba orí kọjá, mo di etí tèmi mú. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí.

Mo kọ́kọ́ gba ilé lọ. Mo na òwú dúdú náà sí màmá, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, mo ti tú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n di òwú náà mú, wọ́n ń yí i lọ́wọ́, ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. "Áà! Èmi ni mo fẹ́ lé ọmọ lọ sí Èkìtì, tí n ò mọ̀! Ó dáa, ẹ jẹ́ kó dé. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni màá dì fún un, ìyẹn ò ga."

Mo wọ yàrá mi, mo fa báàgì búlúù náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú mi ń dùn, mò ń kọrin. Mo yọ kaba, mo yọ ṣimí, mo yọ súwẹ́tà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá a, wọ́n ká a kékeré, kíká ọmọdé, igun kan ń yọ síta. Síkáàfù mi ni, èyí tí mo fi ń sùn.

Mo jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, àbí kí n ní àwa ló sọ fún un, èmi àti màmá, lẹ́nu ọ̀nà, ní ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ti mọ̀, ó kéré tán láti ọjọ́ tí síkáàfù ti sọnù. Ó mọ̀ ní gbogbo ìdájí tó ń jí mi pé kí n wo ọwọ́ òun, ó mọ̀ nígbà tó ń nawọ́ sí ewé ẹ̀gẹ́, ó mọ̀ nígbà tí mò ń pariwo olè lágbàlá. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kàn mú ohun tó ní òórùn ara mi, ó fi sínú ẹrù rẹ̀, ó sì ń na ọwọ́ lọ. Mo sunkún níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí màmá fi kan ilẹ̀kùn.

Mo kó àwọn aṣọ náà padà sí àyè wọn. Mo ká síkáàfù náà bó ṣe ká a, pẹ̀lú igun tó yọ síta, mo dá a padà sínú báàgì, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gba iwájú ilé jáde, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aránṣọ, mo sì lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí mọ́tò Ìbàdàn ti gbé màmá lọ, mo bá síkáàfù náà lórí ìrọ̀rí mi. N kò béèrè ibi tó ti wá. Mo wé e mọ́rí, mo sùn.